Ju Kí Ni Lọ? Òṣùwọ̀n Àwọn Òǹwòran Bọ́ọ̀lù ní Lapaz

Lapaz wà ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú Accra, ní ẹ̀bá òpópónà N1 tí ìjọba Ghánà ṣí ní ọdún 2012, tí wọ́n sì fi orúkọ George Walker Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, pè. Ibùdókọ̀ ni, ọjà ni, ilé gbígbé sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró ní ìkóríta rẹ̀ fún wákàtí kan yóò gbọ́ èdè Twi, Gã, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá láìjẹ́ pé ó ṣí ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Yorùbá kì í ṣe àlejò òní ní Ghánà. Kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira ní ọdún 1957 ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí ti tẹ̀dó sí àwọn ìlú ọjà níbẹ̀. Àṣẹ tí ìjọba Kofi Busia pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn kan kò lọ, àwọn kan padà wá, àwọn mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ilé ìwòran àdúgbò náà, èdè Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan.

Gbólóhùn méjì ni ẹjọ́ náà sábà máa ń gbà jáde. Nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré tí ó borí, wọn a ní, "Wọ́n ṣe ju bí wọ́n ti mọ lọ." Nípa ẹgbẹ́ ńlá tí ó fìdí rẹmi, wọn a ní, "Wọn kò ṣe tó bí ó ti yẹ." Ẹni tí kò bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò rò pé ojú kan àti ẹ̀yìn kan owó kan náà ni wọ́n, pé èkíní kàn jẹ́ òdì èkejì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "mọ" ni wọ́n fi wọn ẹni kékeré: bí ó ti mọ, ìwọ̀n ara rẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe "yẹ" ni wọ́n fi wọn ẹni ńlá: ohun tí ó tọ́ sí i. Ohun tí ẹgbẹ́ kékeré ní lọ́wọ́ ni òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ohun tí a gbà pé ẹgbẹ́ ńlá lẹ́tọ̀ọ́ sí ni òṣùwọ̀n ti ẹgbẹ́ ńlá. Òṣùwọ̀n méjì ni ó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ṣoṣo, ó sì di dandan kí oníbàárà kan pàdánù.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "yẹ" fúnra rẹ̀ ní ẹrù ju ọ̀kan lọ lórí. Bí ènìyàn bá sọ pé ó yẹ kí ọkọ̀ ti dé báyìí, ohun tí ó retí ni ó ń sọ. Bí ó bá sọ pé ó yẹ kí ọmọ kí bàbá rẹ̀, ojúṣe ni ó ń sọ. Bí ó bá sì sọ pé adé yẹ ọba, ẹ̀tọ́ àti ẹwà ni. Nígbà tí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá sọ pé "ó yẹ kí Ghánà gba ife yìí", èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni? Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìrètí lásán ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pàdánù, ìrètí náà ti di ojúṣe tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti ṣe, ó sì ti di ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi du àwọn ará ìlú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò yí padà létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ ti kúrò ní òǹwòran, ó ti di olówó tí ń sin gbèsè.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà wà nínú gírámà èdè Yorùbá, níbi tí gbogbo olùkọ́ èdè ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń gba àbọ̀ ni "jù". Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di ohùn àárín: Adé ga ju Òjó lọ. Bí àbọ̀ kò bá sí, ohùn ìsàlẹ̀ náà a hàn, ìtumọ̀ a sì yí padà: Adé ga jù. Kì í ṣe pé ó ga ju ẹnìkan pàtó lọ mọ́, ó ti kọjá ààlà ni. Kódà nínú "ga jù lọ", gbogbo àwọn yòókù ni àbọ̀ tí a kò dárúkọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà fún ẹni tí ó ṣe ju ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lọ, òmíràn sì wà fún ẹni tí kò ṣe tó o. Ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ti rì sínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí elédè dá àbọ̀ sílẹ̀. Ju kí ni lọ? Ju owó wọn lọ? Ju iye ènìyàn ìlú wọn lọ? Ju ti àná lọ? Àbí ju bí àwa ti fojú rénà wọn lọ?

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń jẹ́ òótọ́ jù, òun náà sì ni wọn kì í jẹ́wọ́.

Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ lójú ará Lapaz ni Black Stars, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Ghánà. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà: ní 1963, 1965, 1978 àti 1982. Láti ìgbà náà, wọ́n dé àṣekágbá ní 1992, 2010 àti 2015, wọn kò sì mú ife bọ̀ nílé. Ìṣirò àwọn òǹwòran kò le: ẹni tí ó gba mẹ́rin láàárín ogún ọdún, tí kò gba ọ̀kankan fún ohun tí ó ti ju ogójì ọdún lọ, kò ṣe tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ìdíje wo ni wọ́n ń fi wé èwo? Orílẹ̀-èdè mẹ́fà péré ni ó kópa ní 1963, mẹ́fà náà ni ní 1965. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni Ghánà gbá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó gba ife. Mẹ́jọ ni àwọn olùkópa ní 1978 àti 1982. Láti 2019, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, ẹni tí yóò gba ife sì gbọ́dọ̀ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje. Accra ni wọ́n ti gba méjì nínú mẹ́rin náà, níwájú àwọn ènìyàn tiwọn.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń bu iṣẹ́ àwọn àgbà yẹn kù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá C. K. Gyamfi, ọmọ Ghánà, ni ó darí ẹgbẹ́ náà gba mẹ́ta nínú ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní 1963, 1965 àti 1982. Kwame Nkrumah sì fi agbára ìjọba ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ní àkókò tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò tíì ní ẹgbẹ́ tí ó dúró dáadáa. Ìyẹn gan-an ni ó yẹ kí a rí. Ghánà tètè jí lọ sí oko ni. Ẹni tí ó bá tètè jí yóò kọ́kọ́ kórè, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi ìkórè àárọ̀ ọjọ́ yẹn dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ nígbà tí gbogbo abúlé bá ti dé oko. (Ó jọni lójú pé ẹni tí ó bá ń sọ pé ti àtijọ́ dára jù lọ kì í sábà ka iye ẹni tí ó wà lórí pápá nígbà àtijọ́.)

Nígbà tí òṣùwọ̀n kò bá sì dúró lójú kan, ẹjọ́ a máa yí bí àáyá. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ní ìlú Garoua ní Kamẹrúùnù, orílẹ̀-èdè Comoros, tí ó ń kópa nínú Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, na Ghánà ní góòlù mẹ́ta sí méjì, ó sì lé wọn padà sílé. Kò tó oṣù mẹ́ta, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, Ghánà ta òmì 1–1 pẹ̀lú Nàìjíríà ní Abuja, wọ́n sì fi góòlù tí wọ́n jẹ nílé onílé gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Ife Àgbáyé ní Qatar. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹgbẹ́ kan náà ti jẹ́ ẹgbẹ́ tí kò tó nǹkan, ó sì ti jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ṣe ju bí ó ti mọ lọ. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà láti wọ ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ti 2025, wọn kò sì borí nínú ẹyọ kan. Àmì mẹ́ta péré ni wọ́n ní, ìdí ìsọ̀rí ni wọ́n wà. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n na Comoros ní 1–0 ní Accra, wọ́n sì wọ Ife Àgbáyé ti 2026. Otto Addo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà ìkùnà náà, òun náà ni nígbà àṣeyọrí náà. Ẹni tí ó bá ní òun mọ bí Black Stars ti mọ, kí ó sọ ọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn àti Sudan ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 tún yẹ ní àyẹ̀wò ju bí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Sudan ni Ghánà nà ní 3–0 nínú àṣekágbá ti 1963 ní Accra. Sudan ni ó na Ghánà ní 1–0 nínú àṣekágbá ti 1970 ní Khartoum. Ìbátan àtijọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ogun ti ń jà ní Sudan, wọn kò lè gbá bọ́ọ̀lù nílé. Wọ́n ta òmì aláìlámì pẹ̀lú Ghánà ní Accra, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà wọ́n na wọ́n ní 2–0 ní Benghazi, ní ilẹ̀ Líbíà, níbi tí wọ́n fi ṣe ilé. Ìròyìn gbogbo ni ó pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní yóò rí ohun mìíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Sudan ni Kwesi Appiah, ọmọ Ghánà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Black Stars, tí ó sì darí wọn lọ sí Ife Àgbáyé ní Brazil ní 2014. Ó mọ ilé náà láti inú. Ọ̀pọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì wá láti inú Al-Hilal àti Al-Merrikh, ẹgbẹ́ méjì láti Omdurman tí ogun lé jáde, tí wọ́n lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì Mauritania. Àwọn tí wọ́n ń jí pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ láti ọdún dé ọdún ni. Àwọn ọmọ Ghánà wá láti ẹgbẹ́ oríṣiríṣi káàkiri Yúróòpù, wọ́n sì ní ọjọ́ díẹ̀ láti mọ ara wọn. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ àkókò tí wọ́n fi wà pọ̀, Sudan ni ẹgbẹ́ ńlá lọ́jọ́ yẹn. Láti pè é ní iṣẹ́ ìyanu jẹ́ ọ̀nà kan láti má ṣe wo iṣẹ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Cape Verde. Àwọn erékùṣù tí gbogbo ènìyàn inú wọn kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ ni, tí wọ́n gba òmìnira ní 1975. Ní 2013, tí wọ́n kọ́kọ́ dé Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, Ghánà ni ó lé wọn ní ìpele kẹta sí àṣekágbá, góòlù méjì sí òdo. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n na Ghánà ní 2–1 ní Abidjan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n na Eswatini ní 3–0 ní Praia, wọ́n sì wọ Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n, kò sí ẹgbẹ́ púpọ̀ lágbàáyé tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí ó wà ní erékùṣù kọ́ ni iye ènìyàn tí ẹgbẹ́ náà ń ṣà láti inú rẹ̀. Ìran Cape Verde wà ní Pọ́túgà, Netherlands, Faransé àti Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wọn sì wá wọn kiri pẹ̀lú sùúrù. Roberto Lopes, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn wọn, Dublin ní Ireland ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ni ó jẹ́ ọmọ Cape Verde. Lórí LinkedIn, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti kọ̀wé sí i. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri àgbáyé bẹ́ẹ̀, "bí wọ́n ti mọ" kò ní ìtumọ̀ mọ́, àfi bí a bá sọ bí ìwákiri náà ti mọ.

Ibì kan wà tí fífi iye ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òótọ́ mu, ilẹ̀ Ireland tí Lopes ti wá náà sì ni. Nínú bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, àgbègbè ìbílẹ̀ ni ó ń figagbága, ibi tí ènìyàn ti wá ni yóò sì gbá bọ́ọ̀lù fún; wọn kì í ta agbábọ́ọ̀lù, wọn kì í sì san owó oṣù fún un. Kerry, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó igba ẹgbẹ̀rún, gba ife gbogbo Ireland fún ìgbà kọkàndínlógójì ní 2025. Dublin, tí ó ní ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ, kò tíì gba iye yẹn, bí ó tilẹ̀ gba mẹ́fà léra láti 2015 dé 2020. Mayo ń kọ́? Láti 1951 ni wọn kò ti gba ife, wọ́n sì ti pàdánù nínú àṣekágbá lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Wọn a máa sọ pé Mayo kò ṣe tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ń dé àṣekágbá léraléra ti na gbogbo ẹni tí ó kù kí ó tó débẹ̀. Àní níbi tí òṣùwọ̀n ti mọ́ jù lọ, "yẹ" ṣì wọlé, ó sì sọ ẹni kejì di ẹni ìkẹyìn.

Ní Ghánà, òṣùwọ̀n ìlú àti iye ènìyàn kò tilẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ abẹ́lé. Hearts of Oak ti Accra, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911, àti Asante Kotoko ti Kumasi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ni ẹgbẹ́ olórúkọ. Kotoko gba ife àwọn ẹgbẹ́ akọni Áfíríkà ní 1970 àti 1983. Hearts gbà á ní 2000, nígbà tí wọ́n ń gba líìgì Ghánà léra ní ọdún mẹ́fà, láti 1997 dé 2002. Kò sí òǹwòran ní Lapaz tí kò ní ọ̀rẹ́ kan níhà ọ̀tún àti òmíràn níhà òsì nínú ìjà méjèèjì yìí. Hearts gba líìgì ní 2021, Kotoko gbà á ní 2022. Lẹ́yìn wọn ni Medeama ti Tarkwa gbà á ní 2023, Samartex ti Samreboi ní 2024, Bibiani Gold Stars ní 2025. Ìlú mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ará Accra kò dé rí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé àwọn kékeré ṣe ju bí wọ́n ti mọ lọ.

Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ àwọn ìlú náà. Wúrà ni wọ́n ń wà ní Tarkwa, wúrà ni wọ́n ń wà ní Bibiani. Samreboi jẹ́ ìlú igi gẹdú, ilé-iṣẹ́ tí ń la gẹdú níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ mọ́. Medeama gan-an kì í ṣe ọmọ Tarkwa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: Kessben ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n rà á, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀. Èyí kò bu ẹ̀wà iṣẹ́ wọn kù. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kan bá ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ nígbà tí ó yẹ, tí ó sì ní pápá tirẹ̀ tí ó ń lò lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórúkọ ń fi ìtàn jẹun, èwo ni ẹgbẹ́ ńlá? Orúkọ ni Hearts àti Kotoko fi jẹ́ ńlá. Orúkọ kì í gbá bọ́ọ̀lù. Great Olympics, ẹgbẹ́ Accra mìíràn tí ó ti gba líìgì rí ní 1970 àti 1974, jábọ́ kúrò nínú líìgì àgbà ní ọdún tí Samartex gba ife.

Àwọn Yorùbá tí ó wà láàárín àwọn òǹwòran náà ní irú ìtàn yìí nílé. Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí ó ń jẹ́ IICC nígbà náà, ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di àgbàlagbà, wọ́n sì ṣì ń fi 1976 dá ẹjọ́ ohun gbogbo. Shooting Stars gba líìgì Nàìjíríà gbẹ̀yìn ní 1998. Ní 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n mọ̀ sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ju ti bọ́ọ̀lù lọ, gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ipò kejì ní ọdún méjì léra. Àdáni ni ẹgbẹ́ náà, Kúnlé Ṣónámẹ̀ ni ó ni ín, ó kọ́ pápá ìṣeré fún un, ó sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yòókù nínú líìgì náà ń wò. Ìbàdàn tóbi ju Ìkẹ́nnẹ́ lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbàdàn ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kan wà tí ó fẹ́ jọ oríyìn: "Wọ́n gbìyànjú." Ẹgbẹ́ ńlá tí ó borí kò ní gbọ́ ọ, ẹgbẹ́ ńlá tí ó pàdánù kò ní gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, pàápàá bí ó bá ti fi góòlù kan péré pàdánù. Ìkùnà ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Nígbà tí Comoros kojú Kamẹrúùnù lẹ́yìn tí wọ́n lé Ghánà jáde ní 2022, tí wọn kò ní aṣọ́lé tí wọ́n lè lò, tí ẹ̀yìn wọn Chaker Alhadhur wọ ẹ̀wù aṣọ́lé, tí ẹnìkan tún gba káàdì pupa, tí wọ́n sì fi 2–1 pàdánù, gbogbo ènìyàn ni ó sọ pé wọ́n gbìyànjú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbóríyìn fún wọn nítorí pé wọn kò pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n tí wọ́n gé fún wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fi bò wọ́n. Bí wọ́n bá sì borí, ọ̀rọ̀ á di ti orí: "Orí wọn ni ó ṣe é." Ìgbàgbọ́ Yorùbá nínú orí jinlẹ̀ ju ohun tí wọ́n ń fi ṣe nínú ilé ìwòran lọ, níbẹ̀, ó ti di ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ tí wọn kò fẹ́ gbà pé ẹlòmíràn ṣe sí. Ó tún burú jù bí ẹlẹ́yọ̀ bá sọ pé ẹgbẹ́ kékeré "ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ". Ìbáwí ni ìyẹn láti ilẹ̀ wá, ohun tí a ń sọ fún ọmọ tí kò mọ ipò rẹ̀ láwùjọ.

Ẹnìkan lè ní òǹwòran kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, pé ìdùnnú bọ́ọ̀lù wà nínú kí kékeré na ńlá, bí a bá sì ti yọ ńlá àti kékeré kúrò, kí ni ó kù láti wò? Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má ṣe retí. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yìí kì í dúró sí ilé ìwòran. Òun ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń gbé, òun ni àwọn aláṣẹ fi ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Milovan Rajevac darí Ghánà dé àṣekágbá ní 2010, ó sì tún darí wọn dé ìpele kẹta sí àṣekágbá nínú Ife Àgbáyé lọ́dún náà, níbi tí pẹnárítì Asamoah Gyan ti gba igi òkè ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn. Wọ́n pè é padà ní 2021. Lẹ́yìn ìjà Comoros, wọ́n lé e. Àwọn tí ó pè é padà ti fi 2010 wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fún un ní 2021 kì í sì í ṣe ti 2010.

Ohun kan tún kù nípa èdè àwọn ará Lapaz, ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá borí, wọn a ní "a nà wọ́n". Nígbà tí ó bá pàdánù, wọn a ní "wọ́n já wa kulẹ̀". "A" di "wọ́n" láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Èyí wọ́pọ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tí ó lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀, tí Twi rẹ̀ já geere ju Yorùbá rẹ̀ lọ, tí bàbá rẹ̀ àgbà sì kó ẹrù rẹ̀ lọ ní 1969, ta ni "a" ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí Ghánà gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Nàìjíríà ní Abuja? Bí ó bá sọ pé "a wọlé", àwọn àgbà ilé rẹ̀ á wò ó. Bí ó bá sọ pé "wọ́n lé wa", àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìta á wò ó. Àwọn kan wà tí wọ́n yẹra fún ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ pátápátá, tí wọ́n kàn sọ pé "bọ́ọ̀lù ti parí", tí wọ́n sì wá ọkọ̀ trotro tí yóò gbé wọn lọ sílé.